Ọ́ìlì Tó Pa Ẹ́ńjìnnì Lẹ́nu Mọ́

Kí Elétí-Ọfẹ tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ẹnikẹ́ni, á kọ́kọ́ pa ojú dé. Á dúró ti ọkọ̀ náà, á ká ọwọ́ sẹ́yìn, á tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ́ńjìnnì á máa ṣiṣẹ́. Ẹni tó ni ọkọ̀ kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Bó bá sọ̀rọ̀, Elétí-Ọfẹ á la ojú kan.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin ni kí n gbọ́ ni, tàbí ọkọ̀ yín?"

Lẹ́yìn náà ni á mú sùkúdíráfà gígùn kan tí ẹnu rẹ̀ ti kú tipẹ́. Á fi irin rẹ̀ kan ara ẹ́ńjìnnì, á fi èèkù rẹ̀ ti ihò etí. Á máa gbé e kiri díẹ̀díẹ̀, bí nọ́ọ̀sì tí ń wá ìró ọkàn ọmọ lára aboyún. Nígbà tó bá la ojú méjèèjì, ẹjọ́ ti dá.

"Fáàfù kan ló ń ṣàròyé. Ìkejì láti iwájú."

Wọ́n á tú u. Wọ́n á bá a bẹ́ẹ̀.

Ohun tó sọ ọ́ ní Elétí-Ọfẹ nìyẹn. Kì í yọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Ti ẹ́ńjìnnì nìkan ló ń yọ́ gbọ́.

Bí akọrin ṣe ń tọ́jú ọ̀fun ló ṣe ń tọ́jú etí rẹ̀. Bó bá ti fi ọṣẹ fọ gírísì kúrò lọ́wọ́ nírọ̀lẹ́, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé, á we òwú mọ́ orí igi ìṣáná, á sì máa yí i nínú etí. Ojú rẹ̀ á rọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan á máa gbọ̀n. Adùn rẹ̀ á mú un gbàgbé pé àwọn ènìyàn ń kọjá.

"Lọ́jọ́ kan," ni ìyàwó rẹ̀ máa ń wí láti ojú fèrèsé tó ti ń ránṣọ, "igi yẹn á kan ọpọlọ."

"Ọpọlọ wo? Ọjọ́ tí mo fẹ́ ọ ló ti jáde."

"Ó kúkú dáa tó jáde. Ẹni tó ní ọpọlọ ì bá ti bẹ̀rù mi."

Inú ọgbà kan náà ni iṣẹ́ àti ilé wọn wà. Wọ́kìṣọ́ọ̀bù wà láàárín, ilẹ̀ rẹ̀ dúdú, ó ń dán bí awọ. Ilé oníyàrá méjì wà lẹ́yìn rẹ̀. Lápá òsì, Panẹbítà ń fi òòlù lu páànù láti àárọ̀. Lápá ọ̀tún ni ṣọ́ọ̀bù tí ọmọbìnrin Elétí-Ọfẹ ti ń ta púlọ́ọ̀gì, fílítà àti ọ́ìlì.

Ní ọdún yẹn, ọmọ náà kó ọ́ìlì síńtẹ́tíìkì wọlé. Ọ́ìlì tí gbogbo àdúgbò ń lò tẹ́lẹ̀, inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń fà á, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á tà á. Èyí tuntun, àwọn onímọ̀ ló to ara rẹ̀ pọ̀ ní ilé-iṣẹ́, kí ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀ lè dọ́gba. Ó wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Gbogbo ohun tí ọmọ náà ní láyé ló wà nínú páálí tó tò dé ojú fèrèsé, débi pé ìmọ́lẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ wọlé mọ́.

Kò sẹ́ni tó rà á. Wọ́n á gbé gálọ́ọ̀nù kan, wọ́n á yí i wò, wọ́n á béèrè ohun kan náà:

"Kí ni bàbá rẹ wí?"

Bàbá ò tíì wí nǹkan kan. Láti ìgbà èwe rẹ̀, ọ́ìlì tó ki ló mọ̀. Ó kán èyí tuntun sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ìka ra á.

"Ó ń ṣàn bí omi."

"Kó lè tètè dé ibi tó yẹ kó dé ni, Bàbá. Láàárọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, èyí tó ki ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Kó tó dé òkè, irin ti ń ha irin."

"Mo ti gbọ́ tìẹ. N ò tíì gbọ́ ti ẹ́ńjìnnì."

"Ẹ gbọ́ tiẹ̀ nígbà náà. Ẹ dà á sínú ọkọ̀ yín."

Panẹbítà gbé òòlù sílẹ̀. "Ọmọ ń ta ọ́ìlì, bàbá ń tú ẹ́ńjìnnì, ìyá ń ránṣọ. Ẹ ò wulẹ̀ bọ́ mi sí ìhòhò kẹ́ ẹ pín mi."

Elétí-Ọfẹ gbà láti dán an wò. Ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ kedere: ohun tí òun bá gbọ́ ni òun máa wí, ì báà dùn mọ́ ọmọ òun, ì báà má dùn mọ́ ọn. Ọmọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń bà á lẹ́rù gan-an nìyẹn. Bí bàbá rẹ̀ bá sọ pé kò dára, kò sí ibòmíràn tó lè gbé páálí wọ̀nyẹn gbà.

Ọkùnrin náà múra bí ẹni tó fẹ́ jókòó ìdánwò. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé etí òun kò mọ́ lọ́jọ́ náà. Òwú àti igi ìṣáná tó jẹ́ ti ìrọ̀lẹ́ nìkan di ti àárọ̀, ti ọ̀sán àti ti ìrọ̀lẹ́. Ó ń tì í wọlé ju bó ṣe ń tì í tẹ́lẹ̀ lọ.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ìyàwó rẹ̀ ti jáde lọ ra òwú ìránṣọ. Panẹbítà dúró. Ìyá Jẹ́jẹ́ náà dúró. Awakọ̀ takisí ni, wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ torí pé kẹ̀kẹ́ máa ń yà á sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ọkọ̀ Elétí-Ọfẹ ti dàgbà. Fáàfù rẹ̀ kan ti ń ta tín-tín-tín láti ọjọ́ pípẹ́, gbogbo ọgbà ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n tú ọ́ìlì àtijọ́ dànù, ó dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò. Wọ́n da tuntun sí i, ó pọ́n bí oyin. Ọmọbìnrin náà yí kọ́kọ́rọ́.

Elétí-Ọfẹ pa ojú dé. Ó fi etí lásán gbọ́. Ó fi sùkúdíráfà gbọ́. Ó la ojú, ó tún pa á dé.

"Tẹ̀ ẹ́."

Ọmọ náà tẹ̀ ẹ́.

"Fáàfù ti dákẹ́," ó wí.

Ó gbé sùkúdíráfà kúrò létí.

"Ó ti dákẹ́ pátápátá. Ohun tí mo ń gbọ́ dà bí ìgbà tí oyin ń kùn nínú ilé wọn lókèèrè."

Ìyá Jẹ́jẹ́ ṣì ń gbọ́ tín-tín-tín. Ó fi ìka ro etí ara rẹ̀. Ta ni òun, tí òun á fi bá Elétí-Ọfẹ jiyàn lórí ohun tí wọ́n ń fi etí gbọ́? Ọmọbìnrin náà ń gbọ́ ọ pẹ̀lú. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé nǹkan mìíràn ni.

"Èmi náà ò gbọ́ nǹkan kan," ni Panẹbítà wí.

Láti kékeré ni Panẹbítà ti ń lu irin. Bí ààrá bá sán lẹ́yìn rẹ̀, ó lè béèrè pé ta ló ń kan ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, wọ́n gba ẹ̀rí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò sùn síbẹ̀. Elétí-Ọfẹ ní ọ́ìlì tuntun pa ẹ́ńjìnnì lẹ́nu mọ́! Àwọn awakọ̀ ń yà wọlé, àwọn olùkọ́ tó ní ọkọ̀ kan láàárín ara wọn ń yà wọlé. Páálí ń relẹ̀ lójú fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ ń padà sínú ṣọ́ọ̀bù. Ọmọbìnrin náà ń kọrin bó ṣe ń gbá ilẹ̀. Bàbá rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń pariwo sọ̀rọ̀ sí gbogbo ẹni tó ń kọjá. Wọ́n rò pé ayọ̀ ló mú ohùn rẹ̀ lọ sókè.

Ìyá Jẹ́jẹ́ rà á. Ọkọ̀ rẹ̀ ti ń dún kọ́-kọ́-kọ́ níwájú láti bí ọjọ́ mélòó kan, ó sì rò pé ohun tó wo fáàfù sàn yóò wo tòun náà. Wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀. Ìró náà kò lọ. Ó tilẹ̀ tún le sí i. Ìyá Jẹ́jẹ́ padà wá.

"Bàbá, ẹ bá mi gbọ́ ọ."

Elétí-Ọfẹ pa ojú dé. Ó fi sùkúdíráfà rìn yíká.

"Ara ọkọ̀ yín dá ṣáṣá. Ó dákẹ́ bí ọmọ tó yó."

"Bàbá, àwọn èrò ń bi mí bóyá ẹyẹ àkókó ni mo gbé sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì."

"Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n máa fẹsẹ̀ rìn. Ọkọ̀ yìí ò ṣe nǹkan kan."

Ìyá Jẹ́jẹ́ pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ, jẹ́jẹ́ bó ti máa ń lọ, kọ́-kọ́-kọ́ títí ó fi yí kọ̀rọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà ni Elétí-Ọfẹ wọlé lọ mu omi. Ìyàwó rẹ̀ wà nídìí maṣíìnì, ó ń rán aṣọ ilé-ìwé. Maṣíìnì yẹn ti gbó. Bó bá ń rán gígùn, àwọn tó wà lójú títì ń mọ̀ pé ó ń rán gígùn.

Ọkọ rẹ̀ dúró, ife lọ́wọ́. Inú rẹ̀ dùn.

"Ìwọ náà ti fi ọ́ìlì ọmọ rẹ sí i."

"Sí kí ni?"

"Sí maṣíìnì. Ọlọ́gbọ́n obìnrin. Kò pariwo mọ́."

Obìnrin náà wo maṣíìnì. Ó wo ọkọ rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, pẹ̀lú gbogbo agbára. Abẹ́rẹ́ ń sáré, tábìlì ń gbọ̀n, sísọ́ọ̀sì já sílẹ̀. Ọkùnrin náà yí ẹ̀yìn padà, ó ń bu omi mìíràn.

Ìyàwó rẹ̀ dá ẹsẹ̀ dúró. Ó fi ohùn lásán sọ̀rọ̀ sí ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀.

"Ẹja tó kù nínú ìkòkò lánàá, èmi ni mo jẹ ẹ́."

Kò dáhùn.

"Kì í ṣe ológbò."

Kò dáhùn.

"Panẹbítà ní òun fẹ́ fẹ́ mi. Mo ní màá rò ó."

Ọkùnrin náà mu omi rẹ̀ tán, ó nu ẹnu. Nígbà tó yíjú padà, ìyàwó rẹ̀ ti gbé orí lé aṣọ, èjìká rẹ̀ ń mì. Ó rò pé ó ń sunkún.

"Kí ló dé?"

Ó dìde, ó fa ọkọ rẹ̀ ní etí lọ sójú fèrèsé bí ọmọdé, ó sì wo inú rẹ̀. Ó wo èkejì. Kò rí ihò. Ohun dúdú kan ló rí, ó le, ó ń dán.

"Etí yín ti dí!"

Ó pariwo rẹ̀ débi pé Panẹbítà gbọ́. Ó fi òòlù sílẹ̀, ó wá. "Ta ló kú?"

Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu ìyàwó nígbà tó rí ojú ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, láàárín àkísà aṣọ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo etí, ó ṣí i, ó tún bò ó, bí ẹni tó ń dán ilẹ̀kùn wò. Kò sí ìyàtọ̀ tó pọ̀.

"Fáàfù," ó wí. Lẹ́yìn náà, "Ìyá Jẹ́jẹ́."

Obìnrin yẹn wà lójú ọ̀nà pẹ̀lú ọkọ̀ tó ń ké, torí pé òun ní kò ké. Ọkọ̀ yẹn ló ń bọ́ ilé rẹ̀.

Ọmọbìnrin náà ló pè é lórí fóònù. Ìyá Jẹ́jẹ́ ní òun ti débi ẹsẹ̀ òkè, òun máa gbé àwọn èrò sọ̀kalẹ̀, òun máa bọ̀. Ó bọ̀. Wọ́n gbọ́ ọ kí wọ́n tó rí i. Gbogbo wọn gbọ́ ọ, àfi ẹnì kan àti Panẹbítà. Elétí-Ọfẹ lọ bá a ní ẹnu ọ̀nà, ó sì di ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà mú.

"Ẹ pa á. Ẹ má tàn án mọ́. Etí mi ló dí, kì í ṣe ọkọ̀ yín ló dákẹ́."

Ìyá Jẹ́jẹ́ pa á. Ó wò ó pẹ́.

"Nígbà náà, tín-tín-tín tí mo gbọ́ lára tiyín lọ́jọ́sí…"

"Ẹ gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Ẹ ò wá lè sọ?"

"Ta ni mo máa sọ ọ́ fún, Bàbá? Elétí-Ọfẹ?"

Ọmọbìnrin náà wo ilẹ̀. "Èmi náà gbọ́ ọ," ó wí.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ ẹ́ wò jẹ́ obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kì í tètè rẹ́rìn-ín. Ó tan iná sínú etí ọ̀tún. Ó tan iná sí ti òsì. Ó pa iná.

"Kí lẹ fi ń nu etí?"

"Òwú àti igi ìṣáná," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn fún un. "Láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́."

"Wọn ò nù ún. Wọ́n ń kì í ni, bí ẹni tó ń kì ìbọn. Gbogbo èérí etí tó yẹ kó fúnra rẹ̀ jáde ni wọ́n tì wọnú lọ. Òwú náà wà ńbẹ̀." Ó gbé ohùn sókè kí ọkùnrin náà lè gbọ́. "Ó ti gan, Bàbá. Bí mo bá fi omi fọ̀ ọ́ báyìí, ó máa dùn yín. Ẹ máa kọ́kọ́ kán òróró sí i fún ọjọ́ mélòó kan, kó rọ̀."

Elétí-Ọfẹ ronú.

"Síńtẹ́tíìkì ni, tàbí ti tẹ́lẹ̀?"

"Òróró ólífì ni, Bàbá."

"Nọ́ńbà mélòó ni kíki rẹ̀?"

Ìyàwó rẹ̀ fà á lọ́wọ́ jáde.

Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e gùn. Ọkọ̀ Ìyá Jẹ́jẹ́ dúró láàárín ọgbà, bọ́nẹ́ẹ̀tì ní pípadé. Láràárọ̀ ni obìnrin náà ń wá, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á ká ọwọ́ sórí itan. Panẹbítà ní kó lọ bá mẹkáníìkì mìíràn, ìyẹn wà lẹ́yìn títì, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ló fi ń yẹ ọkọ̀ wò.

"Màá dúró," ó wí.

"Bí etí rẹ̀ kò bá là ńkọ́?"

"Màá tún dúró díẹ̀."

Elétí-Ọfẹ gbọ́ èyí torí pé Panẹbítà kò mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ẹni tó bá ń bá a sọ̀rọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ pariwo. Ó dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí ẹní, ìyàwó rẹ̀ ń kán òróró sí i. Ó ní sípánà. Ó ní ọwọ́. Ó lè tú ẹ́ńjìnnì obìnrin náà ká, kó to gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lórí àkísà. Ṣùgbọ́n kò tú ọkọ̀ rí lórí àbá, kò sì fẹ́ fi ti ẹni tó fọkàn tán an bẹ̀rẹ̀.

Lápá ọ̀tún ọgbà, nǹkan ò rọgbọ. Ìròyìn ti dé ìta pé etí ló dí, kì í ṣe ọ́ìlì ló ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń yà wọlé kò yà mọ́. Ọkùnrin kan dá gálọ́ọ̀nù tí kò tíì ṣí padà, ó ní omi ni. Ọmọbìnrin náà gbà á, kò bá a jà. Ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù dé ìdajì, ó jókòó sẹ́yìn èyí tó kù. Nígbà tí ìyá rẹ̀ gbé oúnjẹ wá, ó ní, "Ìyá mi, bí Bàbá bá tún gbọ́, tí wọ́n sì ní kò dára?"

"Á jẹ́ pé kò dára."

"Èmi ńkọ́?"

"Ìwọ á jẹun ná. Ebi kò mọ orúkọ ọ́ìlì."

Nígbà tí ọjọ́ pé, nọ́ọ̀sì fi síríńjì ńlá fa omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Elétí-Ọfẹ gbé abọ́ sábẹ́ etí. Omi wọlé, omi jáde. Ó tún wọlé, ó tún jáde. Nígbà tó yá, nǹkan kan já sínú abọ́, tó.

Ó gbọ́ "tó" náà.

Ojú rẹ̀ là. Kò mira. Ó gbọ́ omi tó ń kán lẹ́nu ẹ̀rọ. Ó gbọ́ bàtà nọ́ọ̀sì lórí ilẹ̀. Ó gbọ́ èémí ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó mọ̀ pé ó ti ń dá a dúró láti ìgbà tí wọ́n wọlé.

"Ta ló ń ṣí ìwé?" ó béèrè.

Nọ́ọ̀sì wo àyíká. Kò sí ìwé nínú yàrá náà. Ó ṣí ilẹ̀kùn. Ní òdìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀, akọ̀wé kan gbé orí sókè láti inú ìwé rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó pẹ́ kó tó rí i mú mọ́ra. "Ẹ jẹ́ ká fọ èkejì," ó wí.

Wọn ò tíì wọ inú ọgbà tán tó ti ń bọ́ ẹ̀wù. Kò jókòó, kò mu omi. "Ẹ tàn án," ó sọ fún Ìyá Jẹ́jẹ́.

Kọ́-kọ́-kọ́.

Ó pa ojú dé. Kò mú sùkúdíráfà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ pẹ̀lú ojú tó dé, bí ẹni tó gbọ́ ohùn ọ̀rẹ́ lẹ́nu ọ̀nà.

"Kì í ṣe inú ẹ́ńjìnnì. Ìta ni. Ẹ pa á."

Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó na ọwọ́ sí ibi tí bẹ́líìtì ń gbà yí. Irin kan wà níbẹ̀ tó ń fa bẹ́líìtì náà le. Nọ́ọ̀tì tó dì í mú ti dẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń yí, irin náà ń jó, ó sì ń gbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó fi ìka mì ín kí Ìyá Jẹ́jẹ́ rí i. Bó bá jẹ́ pé ó rìn síwájú sí i bẹ́ẹ̀, bẹ́líìtì á fò jáde, ọkọ̀ á kú sórí òkè pẹ̀lú èrò nínú.

"Ọ́ìlì kì í di nọ́ọ̀tì," ó wí. Ó mú sípánà, ó dì í.

Wọ́n tún tàn án. Ìyá Jẹ́jẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọkọ̀ náà ń mí.

Ṣùgbọ́n ó ku ọ̀rọ̀ kan, gbogbo ọgbà ló mọ̀ ọ́n. Àwọn ènìyàn ti ń kóra jọ. Elétí-Ọfẹ ní kí wọ́n padà wá ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ọkọ̀ tó gbóná. Ó ní kí Panẹbítà gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá sùn sí ọgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tòun. Irú kan náà ni ọkọ̀ méjèèjì, ọjọ́ orí kan náà. Ọ́ìlì àtijọ́ ló wà nínú ti Panẹbítà.

Ilẹ̀ mọ́, ó tutù. Àwọn awakọ̀ wà níbẹ̀, àwọn olùkọ́, ọkùnrin tó dá gálọ́ọ̀nù padà. Ọmọbìnrin náà dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, apá rẹ̀ ká mọ́ àyà. Wọ́n kọ́kọ́ tan ti Panẹbítà. Ó ráhùn, ó ha, ó ké gbá-gbá-gbá, kó tó wá rọlẹ̀. Wọ́n tan ti Elétí-Ọfẹ. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dìde. Kò pẹ́ rárá tó fi bá ara rẹ̀ mu. Wọ́n jẹ́ kí méjèèjì máa ṣiṣẹ́ títí ara wọn fi gbóná. Elétí-Ọfẹ gbọ́ ìkínní. Ó gbọ́ ìkejì. Ó padà sí ìkínní.

Tín-tín-tín, ni ọkọ̀ rẹ̀ wí.

"Ẹ gbọ́ ọ?" ó béèrè. "Fáàfù mi ṣì ń ṣàròyé. Ọ́ìlì tuntun kò pa á lẹ́nu mọ́. Etí mi ló pa á lẹ́nu mọ́. Ẹni tó ra ọ́ìlì torí ohun tí mo sọ lọ́jọ́sí, tí kò tíì ṣí i, kó gbé e wá, ọmọ mi á gbà á."

Ọmọbìnrin náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ṣé omi ni wàyí?" ni ọkùnrin gálọ́ọ̀nù béèrè.

"N ò tíì sọ̀rọ̀ tán. Ẹ gbọ́ bí ti Panẹbítà ṣe dìde?"

"Bí ẹni tó ni ín," ni ẹnì kan wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Àárọ̀ ni irin ń jẹ irin. Tèmi jí, ọ́ìlì ti dé orí. Tiẹ̀ jí, ó ń wá ọ́ìlì kiri. Ohun tí mo gbọ́ nìyẹn, mo sì gbọ́ ọ dáadáa. Nígbà tí ara wọn gbóná tán, n ò lè fi etí yà wọ́n. Kò fún ọkọ̀ mi ní agbára tí kò ní. Kò lè sọ arúgbó di ọ̀dọ́."

"A mọ̀," ni ìyàwó rẹ̀ wí láti ojú fèrèsé.

Ó dúró kí ẹ̀rín tán. "Ẹni tó ń rìn jìnnà, tó ń gun òkè nínú oòrùn, kó rà á: ooru kì í tètè bà á jẹ́, ó sì máa ń pẹ́ kó tó nílò pípààrọ̀. Ẹni tí kò rìn jìnnà, tó ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ nígbà tó yẹ, ti tẹ́lẹ̀ tó o. Ṣùgbọ́n èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá rà, nọ́ńbà kíki tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ yín ní kẹ́ ẹ lò ni kẹ́ ẹ lò. Èmi fúnra mi ti ń da èyí tó ki jù sí ọkọ̀ yín láti ọjọ́ yìí, torí pé ó ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ń ké, kó má ra ọ́ìlì kankan. Kó wá bá mi."

Ó fi àkísà nu ọwọ́. Kò tíì sọ̀rọ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀.

Ìyá Jẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ fọhùn. "Òkè ni mò ń gùn lójoojúmọ́. Tèmi ò jáde kúrò nínú ẹ́ńjìnnì."

"Ẹ fún mi ní ọ̀kan," ni Panẹbítà wí. "Ìyàwó mi ní aláròyé méjì pọ̀ jù nínú ilé kan."

Àwọn mìíràn dá tiwọn padà. Ọmọbìnrin náà gbà á lọ́wọ́ wọn, ó ń kí wọn. Àwọn kan wọlé, wọ́n ń béèrè nọ́ńbà ọ́ìlì tó bá ọkọ̀ wọn mu, ó ń fi ìka wá a lára gálọ́ọ̀nù. Kò pọ̀ bíi ti ìgbà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí bàbá rẹ̀ wí. Nígbà tó kọjá lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, ó na ọwọ́, ó fi ìka kan ṣoṣo kan etí rẹ̀, bí ẹni tó ń kan ohun tó gbóná.

Ìyá Jẹ́jẹ́ ti wà nídìí ọkọ̀ rẹ̀. Èrò mẹ́rin ti jókòó, wọ́n ń rọ̀ ọ́ pé kó yára, wọn ò mọ ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ó jáde ní ẹnu ọ̀nà ọgbà, ó gba títì, ó yí kọ̀rọ̀. Eruku rọlẹ̀. Elétí-Ọfẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ìka kan sókè.

"Bàbá, wọ́n ti lọ," ni ọmọbìnrin rẹ̀ wí.

"Wọn ò tíì lọ. Panẹbítà, gbé òòlù yẹn sílẹ̀."

Gbogbo wọn dákẹ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́ nǹkan kan.

"Ó ti débi ẹsẹ̀ òkè," ó wí, ojú rẹ̀ dé. "Ó ń gùn ún. Ó ń lọ dáadáa. Kò ké." Ìka rẹ̀ ṣì wà lókè. Ó dẹ etí sí i, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Ó ń kọrin."

"Ta ló ń kọrin? Ẹ́ńjìnnì?"

"Rárá o. Ìyá Jẹ́jẹ́ ni. Kò sì mọ orin kọ."